Ta Ló Ni Ọ̀nà Súkúù?

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé òbí àti tíṣà tá a ṣe l'Àkúrẹ́ sílẹ̀, torí àwọn tí ò ráyè wá. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ yìí, ibi tí mo bá ti yà bàrá, ẹ foríjì mí, ẹnu ni mo fi sọ ọ́, mi ò kà á látinú ìwé.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru. Àkọlé tí wọ́n fún mi ni bí àwọn ọmọ ṣe ń lọ súkúù nígbà kan àti bí wọ́n ṣe ń lọ báyìí. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí. Ẹ ń retí kí n sọ pé máìlì méje la máa ń fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀, nínú òjò, láìwọ bàtà, pé ọmọ ìsinsìnyí ti ya ọ̀lẹ. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ fara balẹ̀ wo àwọn bàbá tó ń sọ ìtàn máìlì méje yẹn, ọdọọdún ni ọ̀nà náà ń gùn sí i, nígbà tí bàbá bá fi máa pé ọgọ́rin ọdún, ó ti di pé láti Ìbàdàn ló ti ń fẹsẹ̀ rìn wá súkúù l'Oǹdó.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kéré, àlàyé ẹ̀ ló máa gùn. Ẹsẹ̀ ọmọ ò yí padà. Ẹsẹ̀ ọmọ ọdún méje ayé Awólọ́wọ̀ àti ti ọmọ ọdún méje tẹ́ ẹ gbé sẹ́yìn mọ́tò láàárọ̀ àná, ọ̀kan náà ni. Ọ̀nà ló yí padà. Nígbà kan, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ni ọ̀nà, ní báyìí mọ́tò ló ni ín, àwa òbí gan-an sì wà lára àwọn tó gbé e lé mọ́tò lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn. Kó tó di 1955, súkúù ò pọ̀, ti ìjọ ló pọ̀ jù nínú wọn, ti Áńgílíkà àti ti Kátólíìkì, ọmọ tí òbí ẹ̀ bá lè sanwó ló ń lọ. Lọ́jọ́ 17 oṣù January 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní pírámárì káàkiri ìwọ̀ oòrùn, Awókòyà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà yẹn. Lọ́dún tó ṣáájú, gbogbo ọmọ pírámárì ìwọ̀ oòrùn ò ju bí 457,000 lọ, nígbà tó fi máa di 1955 ọ̀hún wọ́n ti lé ní 811,000. Gbogbo ọmọ yẹn, ẹsẹ̀ ló gbé wọn lọ. Àwọn àgbà tó wà níbí á rántí pé ọmọ tí ò ní ìwé ọjọ́ ìbí, wọ́n á ní kó fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi di etí òsì mú, tí ọwọ́ ò bá kan etí, padà sílé, ó di ọdún tó ń bọ̀. A máa ń fi rẹ́rìn-ín, pé kí ló kan etí nínú ọ̀rọ̀ ìwé, ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó pé ìdánwò yẹn bá ọ̀rọ̀ ìrìn mu gan-an, torí ọmọ tí ọwọ́ ẹ̀ ò tíì kan etí, ẹsẹ̀ ẹ̀ náà ò tíì lè gbé e láti abà dé súkúù.

Abà yẹn gan-an ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí lẹ́kùn wa níbí, kòkó ló ń pàṣẹ ibi tí èèyàn máa gbé. Lásìkò kòkó, ọ̀pọ̀ òbí ti kó lọ sóko, lọ́nà Ìdànrè, lápá Ilé-Olúji, káàkiri, súkúù sì wà ní abúlé ńlá tàbí nílùú. Ọmọ á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á pọnmi, á gbálẹ̀, á jẹ iṣu àná tí ó bá ṣẹ́ kù, ó bọ́ sọ́nà. Ìrì ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ọ̀nà abà tóóró, koríko ti pàdé ara wọn láti ọ̀tún àti òsì, kó o tó dé ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀, yunifọ́ọ̀mù ti tutù dé ìbàdí, àwọn ọmọ tó gbọ́n á ní kí ẹni tó ga jù ṣáájú, wọ́n á fún un ní igi kó máa fi gbọn ìrì dànù, àwọn kékeré á tò sẹ́yìn ẹ̀. Tí wọ́n bá dé odò, gbogbo wọn á fọ ẹsẹ̀, torí tíṣà máa ń yẹ ẹsẹ̀ wò lórí láìnì, ẹni tó bá ní bàtà, ọwọ́ ló fi ń mú un títí dé odò yẹn, ibẹ̀ ló ti máa wọ̀ ọ́, kó má bàa tètè gbó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ro oko súkúù, wọ́n á mú àdá dání. Lọ́jọ́ mìíràn ìgbálẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn igi ìdáná tó ń lọ sílé hẹ́dímásítà (èyí ò sí nínú sílábọ́ọ̀sì kankan o, ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti bèèrè).

Ìyẹn lílọ. Bíbọ̀ ló dùn. Ní lílọ, wọ́n ń sáré fún aago àti fún ẹgba, ní bíbọ̀ kò sẹ́ni tó ń lé wọn, ọ̀nà tí wọ́n fi ìṣẹ́jú díẹ̀ rìn láàárọ̀ lè gbà wọ́n títí oòrùn á fi rọ̀. Wọ́n á la kòkó kan tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n á lá omi funfun dídùn tó wà lára hóró ẹ̀, wọ́n á ju hóró nù, ohun tó ń bí àgbẹ̀ nínú jù nìyẹn, torí hóró lowó. Wọ́n á wá àgbáyun lábẹ́ igbó, èso pupa kékeré báyìí, tó o bá fi sẹ́nu tó o sì jẹ ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, ọsàn wẹ́wẹ́ á dùn bí ṣúgà. Ọmọ tó dé láti ìlú ńlá wá lo ìsinmi, ibi àgbáyun ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ dán an wò, wọ́n á ní kó jẹ ọsàn kíkan, ojú ẹ̀ á le, wọ́n á fún un ní àgbáyun, wọ́n á ní kó tún jẹ ẹ́. Mo bi àwọn ọmọ Primary 5 mi léèrè lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ta ló mọ àgbáyun? Ọmọ kan ṣoṣo ló nawọ́, ìyá àgbà ẹ̀ ló ń tà á lọ́jà.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àgbáyun tàn wá jẹ. Mo ṣe tíṣà ní abúlé kan lọ́nà Ìdànrè nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, mo ti mọ àwọn tí ò ní wá kí n tó ṣí rẹ́jísítà, gbogbo ọmọ òdìkejì odò ni. Ní September àti October, odò yẹn lè kún lọ́sẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta, tíṣà ò sì lè dúró de wọn, a ti dé ìpín ìṣirò tó le kí omi tó fà. Àwọn míì ò lóye ìpín yẹn títí wọ́n fi jáde. Ejò wà lọ́nà. Ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ wà nígbà yẹn náà, kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀, tí ìròyìn bá dé pé ọba wàjà nílùú kan nítòsí, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí òbí ò ní jẹ́ kí ọmọ dá jáde. Ọmọbìnrin sì rèé, òun ló ń pọnmi, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń bá ìyá gbé igbá dé ọjà kó tó máa sáré, òun náà ló sì ń jẹ ẹgba àwọn tó pẹ́ dé jù. Tí ọ̀nà bá jìn, ọmọbìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ní kó jókòó sílé.

Ti sẹ́kọ́ndírì tún le ju bẹ́ẹ̀. Ondo Boys' High School ti wà l'Oǹdó láti 1919, ṣùgbọ́n l'Àkúrẹ́ níbí, 1951 ni Aquinas College dé, Oyemekun Grammar School tẹ̀ lé e ní 1953. Ọ̀pọ̀ ọmọ Àkúrẹ́ tó parí Standard Six ṣáájú ìgbà yẹn, ìlú onílùú ni wọ́n ti lọ wá sẹ́kọ́ndírì, àpótí páànù lórí bọ́lẹ́kájà, ó di ìparí tááàmù kí ìyá tó tún fojú kàn wọ́n.

Kí ló wá wà lójú ọ̀nà àtijọ́ yẹn tó jẹ́ pé òbí lè jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́fà máa lọ? Èèyàn ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń ti Òkè-Àró bọ̀ tó fẹ́ gba Ọjà Ọba kọjá, á kí èèyàn tí ò níye kó tó dé súkúù, kò sì gbọdọ̀ má kí wọn. Ìyá alákàrà á ní, "Ìwọ, o ò tíì dé súkúù, aago ti lù o." Télọ̀ á ní, "Sọ fún ìyá ẹ pé aṣọ ẹ̀ ti ṣe tán, kó mú owó dání." Bàbá kan tí ò bá ẹ tan rárá á fà ẹ́ létí torí ó rí ẹ lórí igi máńgòrò, o ò sì ní délé kó o sọ, torí tó o bá sọ, wọ́n á na ẹ́ kún un. Ẹnì kan ní í bímọ, igba èèyàn ní í tọ́ ọ, a máa ń sọ ọ́ níbi ìkómọ, gbogbo wa á ṣe àmín. Ibo gan-an ni igba èèyàn yẹn ti ń rí ọmọ tọ́? Lójú ọ̀nà súkúù ni, ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ fún àdúgbò, òun ló ń jíṣẹ́ fún gbogbo ilé tó wà lọ́nà ẹ̀, ẹni tó fẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá Kẹ́mi, Kẹ́mi tó ń kọjá lọ ló máa rán. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé ní 2001, a ò fiyè sí i pé ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó tún ń dá ọmọ dúró lọ́nà láti rán an níṣẹ́, tó o bá sì dá ọmọ ọlọ́mọ dúró lónìí, wọ́n lè pariwo lé ẹ lórí.

Mo fẹ́ yára kọjá lórí ọdún 1970 sí 1980, torí ẹ̀yin tó pọ̀ jù níbí ló lọ súkúù nígbà yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. February 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Àkúrẹ́ di olú ìlú. September ọdún yẹn náà ni ìjọba Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ UPE, ẹ̀kọ́ pírámárì fún gbogbo ọmọ, káàkiri Nàìjíríà. Ajasin di gómìnà ní 1979, tíṣà lòun náà, ó ti ṣe prínsípà ní Imade College l'Ọ̀wọ̀, UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀, sọ sẹ́kọ́ndírì náà di ọ̀fẹ́, súkúù bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní ibi tí ò sí tẹ́lẹ̀. Gbogbo èèyàn ń rántí ọ̀fẹ́ yẹn, wọn kì í rántí pé ó gé ọ̀nà kúrú. Ọmọ tó yẹ kó kọjá abúlé méjì, súkúù ti wá bá a ní tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ìgbà yẹn lọ̀nà súkúù dára jù fún ọmọ lẹ́kùn yìí, súkúù ti sún mọ́lé, mọ́tò ò sì tíì gba títì.

Kò pẹ́ lọ títí. SAP, ètò tí ìjọba ní àwọn fẹ́ fi tún ọrọ̀ ajé tò, dé ní 1986, ọjà wọ́n, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ẹni tó ní màṣínnì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò, bí ọ̀kadà ṣe ráyè nìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́jọ́ Monday ní agogo méje àbọ̀ kẹ́ ẹ wo màṣínnì kan péré. Ọmọ tó kéré jù ló jókòó sórí táǹkì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àárín hándù mú, báàgì tiẹ̀ àti ti àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló so kọ́ hándù lọ́tùn-ún lósì, kúlà oúnjẹ ń mì jogbọ-jogbọ, ọlọ́kadà ń wo ọ̀nà láti òkè orí ọmọ. Ọmọ méjì wà lẹ́yìn ẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn ò kan ibi tó yẹ kí wọ́n gbé e lé. Ìyá wọn ló wà lẹ́yìn pátápátá, ìdajì ìdí lórí fóòmù, ìdajì lórí irin, ó fi ọwọ́ kan gbá àwọn ọmọ mọ́ra, ó fi ìkejì di fóònù mọ́ etí. Aṣíborí ò sí lórí ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ọmọ tó sùn lọ fọnfọn lórí táǹkì yẹn, orí ẹ̀ ń gbá hándù, ọlọ́kadà ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara ẹ̀ padà sọ́wọ́ ọ̀tún.

Ẹ ò ní fẹ́ràn èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí. Kí ló dé tí ìyá yẹn fi wà lórí màṣínnì? Pírámárì wà nítòsí ilé ẹ̀, àwọn míì nínú wọn, ògiri kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Ó kọjá níbẹ̀. Gbogbo wa là ń kọjá níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé Oba-Ile ń gbé ọmọ lọ sí súkúù aládàáni lápá Ijoka, ẹni tó ń gbé Ijoka ń gbé tiẹ̀ bọ̀ lápá Oba-Ile, wọ́n ń pàdé láàárín ìgboro láràárọ̀, wọ́n ń juwọ́ síra wọn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́tò. Mo mọ ìdí ẹ̀ o, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Súkúù ìjọba tí òrùlé ẹ̀ ti ṣí, tí tíṣà kan ń mú kíláàsì méjì, tí wọ́n bá gbà á láyè, òbí wo ló máa jókòó tì í? Ìjọba ló kọ́kọ́ pa súkúù tó wà nítòsí, àwa la wá sọ ọ̀nà di gígùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbà pé gígùn tí ọ̀nà gùn yìí, àwa la ra á. Bàbá àgbà wọn rìn jìnnà torí súkúù ò sí nítòsí, ọmọ tiwa ń lọ jìnnà torí a fi èyí tó wà nítòsí sílẹ̀.

Ibi tó ti wá lọ́jú pọ̀ ni pé mọ́tò tá à ń gbé ọmọ wọ̀ torí ẹ̀rù títì, òun náà ló ń kún títì. Ẹnì kan ra mọ́tò kí mọ́tò má bàa gbá ọmọ ẹ̀, aládùúgbò ẹ̀ wá rí i pé mọ́tò ti pọ̀ jù lójú títì wa yìí, òun náà wá mọ́tò. Ẹni tí ò lówó mọ́tò gba kẹ̀kẹ́ olóṣooṣù. Ẹni tí ò lè gba kẹ̀kẹ́, ọmọ ẹ̀ nìkan ló wá kù lẹ́bàá gọ́tà.

Kì í ṣe Àkúrẹ́ nìkan lèyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ rí i pé ní 1971, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún méje sí mẹ́jọ, 80 ló ń dá lọ súkúù láìsí àgbà lẹ́yìn wọn. Ní 1990, ó ti di mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án o, láàárín ogún ọdún, ibi tí ò sí ajínigbé nínú igbó. Mọ́tò lẹ̀rù tí àwọn òbí ibẹ̀ sọ pé ó ń ba àwọn jù. Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn olùwádìí yẹn sọ ni mi ò lè gbàgbé: ìjọba wọn ń yọ̀ pé ọmọ tí mọ́tò ń pa ti dín kù, pé títì ti dára, wọ́n ní rárá, títì ò dára sí i, ọmọ ni wọ́n kó kúrò níbẹ̀. L'Amẹ́ríkà, ní 1969, àwọn ọmọ wọn láti ọdún márùn-ún sí mẹ́rìnlá tó ń fẹsẹ̀ rìn tàbí gun kẹ̀kẹ́ lọ súkúù tó bí 48 nínú ọgọ́rùn-ún, ní 2009 wọ́n ti di 13. Àwọn ará Japan ló ṣe é lọ́nà mìíràn. Níbẹ̀, ọmọ pírámárì ṣì ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń kó ara wọn jọ ní àdúgbò, wọ́n ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn ńlá ń ṣáájú àwọn kékeré, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìíní ń dé fìlà yẹ́lò tàbí kí wọ́n fi nǹkan yẹ́lò bo báàgì wọn kí awakọ̀ lè rí wọn lókèèrè. Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ abà wa ti ṣe èyí, ẹni tó ga jù níwájú pẹ̀lú igi ìrì.

Mo ṣe nǹkan kan ní kíláàsì mi. Mo fún àwọn ọmọ ní bébà, mo ní kí wọ́n ya ọ̀nà láti ilé wọn dé súkúù. Àwọn tó ń wọ mọ́tò ya ilé, wọ́n ya géètì súkúù, wọ́n fa láìnì gbọọrọ láàárín ẹ̀. Ọ̀kan ya mọ́tò bàbá ẹ̀ sórí láìnì náà, ó yà á dáadáa, ó kọ nọ́ńbà sí i. Òmíràn ní òun ò mọ nǹkan tó wà láàárín torí òun máa ń tẹ fóònù mọ́mì òun. Ọmọbìnrin kan wà tó ń fẹsẹ̀ rìn, yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ ti ṣá, kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, òun ló gba bébà kejì lọ́wọ́ mi. Ó ya ìyá ológì. Ó ya ṣọ́ọ̀bù fọ́kanáísà pẹ̀lú táyà mẹ́rin níwájú ẹ̀. Ó ya pákó méjì tí wọ́n fi la gọ́tà kọjá, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé "eléyìí ti jẹrà, má tẹ̀ ẹ́." Ó ya ajá, ó kọ "ajá Bàbá Ìbejì, ó ń géni jẹ, ṣùgbọ́n tó o bá dúró kò ní ṣe nǹkan." Ó ya ibi tí òjò ń gbára jọ sí, àti ilé tí wọ́n ti máa ń fún un lómi mu. Èmi tí mo ti ń gba àdúgbò yẹn láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ pé pákó yẹn ti jẹrà. Mo gbé bébà náà sókè, mo ní kó wá ṣàlàyé ẹ̀ fún kíláàsì, ó sọ̀rọ̀ títí aago fi lù. Ohun tí mo rò pé a ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tá à ń gbé lọ gbé bọ̀ nìyẹn, kí wọ́n mọ ìlú wọn, kí ìlú wọn náà mọ̀ wọ́n.

Ẹnì kan ti ń mi orí níbẹ̀ yẹn. Ẹ ní ajínigbé ńkọ́? Ẹ jàre. Ní ìparí January 2024, ní Ekiti tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, lápá Emure, wọ́n dá bọ́ọ̀sì súkúù dúró nígbà tó ń gbé àwọn ọmọ padà sílé, wọ́n kó ọmọ àti tíṣà wọgbó. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ọmọ tó padà, wọ́n sì pa awakọ̀ wọn. Àwọn ọmọbìnrin Chibok ní 2014, 276, inú ọgbà súkúù gan-an ni wọ́n ti kó wọn. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rù yìí ò tó ẹ̀rù. Ọmọ tó ń gba ọ̀nà oko kọjá láti abúlé kan sí òmíràn báyìí, mi ò lè ní kó máa dá rìn, ibẹ̀, iṣẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn àti ọlọ́pàá ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, inú bọ́ọ̀sì ni àwọn ti Emure wà. Mọ́tò ò dáàbò bo wọ́n. Láàárín ìgboro níbí, láti àdúgbò kan sí súkúù tó wà ní àdúgbò kejì, ohun tó ń wu ọmọ léwu lójoojúmọ́ ni ọ̀kadà tó ń gba ẹ̀gbẹ́ títì, àti tírélà tó ń sáré lórí ọ̀nà márosẹ̀ Iléṣà sí Ọ̀wọ̀ tó la ẹ̀gbẹ́ ìlú wa kọjá. Igbó la máa ń wò, títì ló wà níwájú wa.

Ìjọba gbìyànjú díẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní tiwọn. Nígbà ìjọba gómìnà Mímíkò, láàárín 2009 sí 2017, wọ́n kó bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ jáde fáwọn ọmọ iléèwé, ọmọ tó bá ti wọ yunifọ́ọ̀mù, ó wọlé láìsan kọ́bọ̀. Ó ran èèyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá gbára lé epo, epo ló máa pinnu fún un. May 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, lítà kan tí ò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì ti lọ sókè kọjá ìyẹn lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ wo ojú títì lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọn ọmọ ti padà sórí ẹsẹ̀ wọn. Ìyá tó ń san owó kẹ̀kẹ́ olóṣooṣù ti ní kí ọmọ máa rìn. Èyí ló ń kọ mí lóminú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ òní, pé ọmọ padà sójú ọ̀nà, àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò padà. Ìyá alákàrà ò mọ orúkọ ẹ̀. Wọ́n fẹ títì, wọn ò fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀, ọjà àti mọ́tò tí wọ́n páàkì ti gbà á, ọmọ ní láti bọ́ sójú títì kó tó kọjá.

Nígbà tí mo sọ ọ́ dé ibí, bàbá kan dìde lẹ́yìn, ó ní, "Màdámù, ọ̀rọ̀ yín dáa, ṣé ẹ wá fẹ́ ká fi ọmọ wa ta tẹ́tẹ́ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní rárá o, sà. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni tú ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́la. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbé àdúgbò kan náà, tí ọmọ yín jọ ń lọ síbì kan náà, ẹ mélòó lẹ ò mọ ara yín níbí? Kí ọmọ mẹ́fà méje jọ máa lọ, àwọn Primary 6 níwájú, àgbà kan pẹ̀lú wọn, òní ìwọ, ọ̀la èmi. Kí wọ́n máa gba ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà, kí àwọn tó ń tajà lójú ọ̀nà yẹn mọ̀ wọ́n, kí wọ́n mọ orúkọ wọn, kí wọ́n lè bèèrè lọ́jọ́ tí ọ̀kan ò bá sí láàárín wọn. Kí a lọ bá àwọn ọlọ́kadà ní ibùdó wọn, ẹ má kàn máa bú wọn lásán, àwọn náà ní ọmọ. Ẹni tó ń wá súkúù fún ọmọ ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kó kọ́kọ́ wo èyí tó ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé, kó wọ ibẹ̀ lọ wò ó, kó tó sọ pé kò dáa. Tí a bá pọ̀ nínú ẹ̀ tí a sì ń pariwo, òrùlé yẹn á padà síbi tó yẹ kó wà, torí ìjọba kì í gbọ́ igbe òbí tí ọmọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Bàbá yẹn ò tíì gbà tán. Ó ní òun á ronú sí i. Ṣùgbọ́n kí a tó túká, àwọn ìyá mẹ́rin láti àdúgbò kan ti kó ara wọn jọ lábẹ́ igi, wọ́n ti ń pín ọjọ́, ọ̀kan ní òun ò lè ṣe ọjọ́ ọjà, òmíràn ní òun ní ọjọ́ Friday. Wọ́n ti mú ọ̀nà tí wọ́n máa gbà, wọ́n yọ ibi ajá kan kúrò níbẹ̀. Ohun tí ò tíì níyanjú ni ìkóríta tó bọ́ sí ojú márosẹ̀, níbi tí tírélà kì í dúró. A ti kọ lẹ́tà sí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kí wọ́n fi ẹnì kan síbẹ̀ láàárín agogo méje sí mẹ́jọ àárọ̀, àti nígbà tí súkúù bá ń túká. Títí wọ́n á fi dáhùn, a nílò ẹni méjì tó lè dúró níbẹ̀ láràárọ̀, tó ní aṣọ aláwọ̀ yẹ́lò, tí ohùn ẹ̀ sì ròkè. Ẹni tó bá lè ṣe é kó wá bá mi ní súkúù lẹ́yìn àsẹ́ńbílì.